Àjùmọ̀ṣe Ni Ààbò Aláìsàn

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ni ó ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ejò ní oró lẹ́nu, ó sì ní agbára lára, ṣùgbọ́n nítorí pé olúkúlùkù wọn ni ó ń dá rìn, igi lásán ni ọmọdé fi ń pa wọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀ràn àwọn ilé ìwòsàn rí ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Dókítà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ wà níhìn-ín, nọ́ọ̀sì tí ó láàánú wà lọ́hùn-ún, ilé àyẹ̀wò tí ó péye sì wà ní ìlú kejì. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkínní kò bá mọ ohun tí ẹnìkejì ti rí, aláìsàn ni yóò fara gbá gbogbo rẹ̀.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó rò pé bí ilé ìwòsàn bá ti ní ibùsùn tí ó mọ́, oògùn tí ó pọ̀ àti oníṣègùn tí ó kàwé, ààbò aláìsàn ti pé. Òtítọ́ ni pé àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣe kókó, ṣùgbọ́n wọn kò tó. Oògùn tí aláìsàn ń mu ní Èkó lè jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe ní Íńdíà. Àìsàn tí ó gbé wá lè jẹ́ èyí tí ó bá ọkọ̀ òfuurufú dé ní àná. Àṣìṣe tí ó fẹ́ pa á sì lè jẹ́ irú èyí tí ilé ìwòsàn mìíràn ti ṣe rí, tí wọ́n sì ti mọ àtúnṣe rẹ̀. Nítorí náà, kò sí ilé ìwòsàn kan, kò sì sí orílẹ̀-èdè kan, tí ó lè dá nìkan ṣọ́ aláìsàn rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ wà ní agbègbè kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ikú tí ìbá parí sí ilé kan yóò máa kan ilẹ̀kùn gbogbo ilé.

Kò sí ohun tí ó fi òtítọ́ yìí hàn tó ìtàn májèlé kan tí ó ti pa àwọn ọmọdé ní ìgbà púpọ̀ àti ní ilẹ̀ púpọ̀. Orúkọ rẹ̀ ni diethylene glycol. Nígbà tí àwọn tí ń ṣe oògùn bá fẹ́ ṣe oògùn olómi fún ọmọdé, yálà ti ibà tàbí ti ikọ́, wọ́n ní láti wá omi dídùn kan tí wọn yóò fi po egbòogi náà, kí ó lè yọ́, kí ọmọ sì lè gbé e mì. Gìlísérìn jẹ́ ọ̀kan nínú irú omi bẹ́ẹ̀, kò sì ní ewu. Diethylene glycol jọ ọ́ bí ìbejì: ó mọ́ gaara, ó ki, ó sì dùn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ohun èlò ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni. Wọn a máa lò ó nínú omi bíréèkì ọkọ̀, owó rẹ̀ kò sì tó ti omi tí ó yẹ fún oògùn. Bí ó bá wọ inú ọmọ, kíndìnrín ni ó ń bà jẹ́. Ọmọ náà yóò máa bì, ìtọ̀ rẹ̀ yóò sì dáwọ́ dúró. Ìyá rẹ̀ yóò tún ro ṣíbí kan sí i lẹ́nu, nítorí ó rò pé ibà náà ni kò tí ì lọ.

Ní ọdún 1937, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà fi omi yìí po oògùn láìkọ́kọ́ wádìí bóyá ó léwu. Ènìyàn tí ó lé ní 100 ni ó kú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà lu síta, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù àti láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń wá ìgò oògùn náà kiri. Nínú 240 gálọ́ọ̀nù tí ilé iṣẹ́ náà ṣe, wọ́n rí nǹkan bíi 234 gbà padà. Gálọ́ọ̀nù bíi mẹ́fà péré tí ó kù ni ó ṣe gbogbo iṣẹ́ ibi yẹn. Ní ọdún kejì, ìjọba ilẹ̀ náà ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta oògùn tuntun láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rí hàn pé kò léwu.

Láti ìgbà náà ni àwọn amòye ti mọ májèlé yìí, tí wọ́n sì ti mọ bí wọ́n ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò. Síbẹ̀, ní ọdún 1990, ọmọdé 47 ni wọ́n gbé wá sí ilé ìwòsàn ní Jos pẹ̀lú ìtọ̀ tí kò jáde mọ́. Gbogbo wọn ni ó kú. Oògùn paracetamol olómi ni wọ́n ti mu, diethylene glycol ni wọ́n sì bá nínú rẹ̀. Ní Ìbàdàn pẹ̀lú, irú oògùn bẹ́ẹ̀ pa ọmọdé ní ọdún náà. Ní ọdún 1993, ìjọba Nàìjíríà ṣe òfin tí ó dá àjọ NAFDAC sílẹ̀ láti máa ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọdún 2008, omi ikú yìí tún yọ́ wọlé, ó sì wọ inú oògùn tí àwọn ìyá ń fún ọmọ tí ó ń hu eyín. Oníṣòwò kẹ́míkà kan ni ó tà á fún ilé iṣẹ́ oògùn gẹ́gẹ́ bí ohun mìíràn. Ọmọ 84 ni ó bá a lọ.

Ọdún 14 kọjá. Ní nǹkan bí oṣù Keje ọdún 2022, àwọn dókítà ní orílẹ̀-èdè Gáḿbíà bẹ̀rẹ̀ sí rí ọmọdé tí kíndìnrín wọn kọṣẹ́ lójijì. Ó tó ọmọ 70 tí ó kú, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn kò sì tí ì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Oògùn ikọ́ àti òtútù tí wọ́n kó wá láti Íńdíà ni àwọn ọmọ náà mu. Gáḿbíà kò ní ilé àyẹ̀wò tirẹ̀ tí ó lè yẹ oògùn wò ní àkókò náà; ìlú òkèèrè ni wọ́n ní láti fi oògùn náà ránṣẹ́ sí kí wọ́n tó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ni Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde ìkìlọ̀ fún gbogbo ayé. Láàárín ìgbà tí ọmọ àkọ́kọ́ ṣàìsàn sí ìgbà tí ìkìlọ̀ jáde, ìgò oògùn náà ṣì wà lórí àtẹ, ó sì wà ní igun yàrá àwọn abiyamọ.

Ẹni tí ó bá gbé ìtàn wọ̀nyí yẹ̀ wò yóò ṣàkíyèsí pé àìmọ̀ kọ́ ni ó pa àwọn ọmọ náà. Ìmọ̀ wà. Ó wà nínú ìwé, ó wà lọ́dọ̀ àwọn dókítà Jos, ó sì wà nínú ìrírí àwọn òbí tí wọ́n sin ọmọ wọn ní ọdún 2008. Ohun tí kò sí ni ọ̀nà tí ìmọ̀ náà yóò gbà rìn láti ìlú kan dé ìlú kejì kí májèlé tó rìn ín. Ìmọ̀ ń fi ẹsẹ̀ rìn, májèlé sì ń gun ọkọ̀.

Ewu yìí pọ̀ jù lọ ní ibi tí ènìyàn ti ń kọjá ẹnubodè lójoojúmọ́. Ẹ̀yà kan náà ni àwọn ará Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti àwọn ará Imẹ̀kọ ní Nàìjíríà. Èdè wọn jọra, wọ́n ń fẹ́ra wọn, wọ́n sì ń ná ọjà ara wọn. Àwọn òyìnbó ni ó fa ìlà sí àárín wọn, tí wọ́n fi apá kan fún Faransé, tí wọ́n sì fi apá kejì fún Gẹ̀ẹ́sì. Bí ìjọba Nàìjíríà bá fi òfin de oògùn kan lónìí, tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ kò sì gbọ́, oògùn náà lè kọjá sí òdìkejì kí ó tó di ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Òwe yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú nìkan. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni. Ẹni tí ó kìlọ̀ fún aládùúgbò rẹ̀, oorun ara rẹ̀ ni ó ń ṣọ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà àrùn Ebola jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀nà méjèèjì. Ní ìgbẹ̀yìn ọdún 2013 ni àrùn náà bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀yìn igbó ní orílẹ̀-èdè Gínì, ní ibi tí ilẹ̀ Gínì, Làìbéríà àti Sìẹ́rà Léónè ti pàdé. Àwọn ìbátan kan náà ni ó ń gbé ní ìhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì ń lọ sí ìsìnkú ara wọn. Oṣù Kẹta ọdún 2014 ni wọ́n tó mọ orúkọ àrùn náà. Nígbà náà ó ti ta gbòǹgbò. Ènìyàn tí ó lé ní 11,000 ni ó kú ní ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ó tó rọlẹ̀, àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì púpọ̀ sì wà nínú wọn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àrùn kan náà wọ Èkó, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, arìnrìn-àjò kan tí ó ti Làìbéríà wá bá ọkọ̀ òfuurufú dé, ó sì ṣubú lulẹ̀ ní pápákọ̀. Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh fura sí àìsàn náà, ó sì kọ̀ láti jẹ́ kí ó jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń fi agbára béèrè rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ìjọba àpapọ̀, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn ilé ìwòsàn, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn amòye láti òkèèrè para pọ̀ di ọ̀kan. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti ń gbógun ti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó ìrírí wọn wá. Nǹkan bíi 900 ènìyàn tí ó fara kan àwọn aláìsàn ni wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀ wọ́n wò nílé ju ìgbà 18,000 lọ láti mọ̀ bóyá ara wọn gbóná. Nígbà tí ẹnìkan gbé àrùn náà dé Port Harcourt, ètò kan náà ni ó tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní gbogbo Nàìjíríà, àwọn mẹ́jọ ni ó sì kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti tán ní Nàìjíríà. Dókítà Adadevoh kò rí ọjọ́ náà; àrùn tí ó dá dúró ní ẹnu ọ̀nà ni ó pa á ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ìgboyà ẹnìkan ni ó ti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò jẹ́ kí ó tún ṣí.

Bí ó ti wù kí èyí dára tó, àwọn kan yóò ta ko ìmọ̀ràn yìí. Èkínní, wọn yóò ní kí olúkúlùkù orílẹ̀-èdè kọ́kọ́ gbá iwájú ilé tirẹ̀ kí ó tó bojú wo ti ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò mọ ààlà. Ẹni tí ó gbá iwájú ilé rẹ̀ tí kò sì bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀ yóò tún ìdọ̀tí kan náà gbá ní ọ̀la.

Èkejì, wọn yóò sọ pé kò sí owó. Àìsí owó gan-an ni ó mú kí àjùmọ̀ṣe di dandan. Kí ni àwọn baba ńlá Yorùbá ṣe nígbà tí ẹnìkan kò lágbára láti dá oko ńlá ro? Àáró ni wọ́n ń ṣe: wọn yóò ro oko ẹnìkínní lónìí, ti ẹnìkejì lọ́la, títí yóò fi kárí. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò pọn dandan kí orílẹ̀-èdè kékeré kan tí ènìyàn rẹ̀ kò tó ti Èkó kọ́ ilé àyẹ̀wò oògùn ńlá tí ó kún fún ẹ̀rọ olówó iyebíye. Ohun tí ó nílò ni àdéhùn tí ó dájú, pé bí ó bá fi ìgò oògùn kan ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò aládùúgbò rẹ̀, wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò kíákíá, wọn kò sì ní bi í léèrè ẹni tí yóò sanwó kí wọ́n tó dáhùn.

Ẹ̀kẹta, èyí tí ó le jù, ni ìtìjú. Dókítà tí aláìsàn kú sí lọ́wọ́ ń bẹ̀rù pé bí òun bá sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, wọn yóò lé òun kúrò níṣẹ́. Ilé ìwòsàn ń bẹ̀rù pé àwọn aláìsàn yóò sá. Ìjọba ń bẹ̀rù pé àwọn arìnrìn-àjò àti oníṣòwò kò ní wá mọ́. Nítorí náà olúkúlùkù ń bo ọgbẹ́ tirẹ̀ mọ́ra, ọgbẹ́ náà sì ń kẹ̀ lábẹ́ aṣọ.

Sí ìbẹ̀rù yìí, ìdáhùn wà. Ní ọdún 1987, àwọn dókítà tí ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Maine, New Hampshire àti Vermont, kó ara wọn jọ. Wọ́n rí i pé iye aláìsàn tí ń kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yàtọ̀ láti ilé ìwòsàn kan sí èkejì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé àìsàn àwọn kan le ju ti àwọn yòókù lọ. Dípò kí wọ́n máa bú ara wọn, wọ́n gbà láti kó àkọsílẹ̀ wọn jọ sí ojú kan, wọ́n sì ń bẹ ara wọn wò. Dókítà ilé ìwòsàn kan yóò lọ dúró ní yàrá iṣẹ́ abẹ ilé ìwòsàn kejì, pẹ̀lú àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tí ń darí ẹ̀rọ, yóò máa wo bí wọ́n ti ń ṣe é. Ẹni tí ó wá wo ń kọ́ ọgbọ́n, ẹni tí wọ́n wá wò náà ń kọ́ ọgbọ́n. Láìpẹ́ lẹ́yìn ìbẹ̀wò wọ̀nyí, ikú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà dín kù: nínú ikú 100 tí ìbá ṣẹlẹ̀, nǹkan bíi 24 ni kò ṣẹlẹ̀ mọ́. Kò sí oògùn tuntun nínú ọ̀rọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀rọ àjèjì. Àwọn tí wọ́n jẹ́ abánidíje tẹ́lẹ̀ ni wọ́n di ẹlẹgbẹ́.

Ẹ̀kọ́ pàtàkì ni èyí fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tí ó jẹ́wọ́ àṣìṣe kí ẹlòmíràn lè yẹra fún un kò yẹ kí ó gba ìyà kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ po májèlé tà. Òfin gbọ́dọ̀ mú ìkà, kí ó sì dáàbò bo olóòótọ́. Ibi tí wọ́n bá ti ń na ẹni tí ó sọ òtítọ́, irọ́ nìkan ni yóò ṣẹ́ kù nínú ìwé àkọsílẹ̀.

Kì í ṣe pé agbègbè yìí kò ní ohun tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1987 kan náà ni àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú ECOWAS fọwọ́ sí ìwé tí ó dá Àjọ Ìlera Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, ìlú Bobo-Dioulasso ní Bùrùkínà Fasò ni wọ́n sì fi ṣe ibùjókòó rẹ̀. Èrò wọn ni pé kí àwọn tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Potogí má ṣe máa kú ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí pé àwọn tí ó jọba lórí wọn yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kìíní ọdún 2025, Mali, Niger àti Bùrùkínà Fasò kúrò nínú ECOWAS. Àwọn olóṣèlú ní ìdí tiwọn, kì í sì í ṣe ibí ni ó yẹ kí wọ́n ti rojọ́ náà. Ohun tí ó dájú ni pé àrùn kò ka ìwé ìkúrò, májèlé kò sì mọ ẹni tí ó ṣì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Bí ìjọba bá tilẹ̀ ń bínú sí ara wọn lórí ọ̀ràn ogun àti owó, ó yẹ kí ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn wà ní ṣíṣí láàárín wọn.

Kí ni ó yẹ kí wọ́n ṣe? Bí oògùn kan bá pa ènìyàn ní orílẹ̀-èdè kan, kí ìkìlọ̀ dé ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn aládùúgbò rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Kí ìkìlọ̀ náà má ṣe mọ ní èdè àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Kí wọ́n kà á lórí rédíò ní Yorùbá, ní Haúsá, ní Mandinka àti ní àwọn èdè tí ìyá ọmọ ń gbọ́. Kí ilé àyẹ̀wò tí ó dára ní ilẹ̀ kan jẹ́ ti gbogbo wọn. Kí ilé ìwòsàn máa bẹ ara wọn wò, gẹ́gẹ́ bí àwọn dókítà ọkàn wọ̀nyẹn ti ṣe. Àwọn òbí náà ní ipa tiwọn: bí ọmọ bá mu oògùn tí ìtọ̀ rẹ̀ sì dá, kí wọ́n gbé ìgò oògùn náà dání lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n má ṣe sọ ọ́ nù. Ìgò kan tí ó dé ọwọ́ dókítà lè gba ọgọ́rùn-ún ọmọ là.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nígbà tí òwe yìí jáde, ọjà ìlú kan ṣoṣo ni ó wà lọ́kàn ẹni tí ó pa á. Lónìí ọjà náà ti gbòòrò, ó ti Banjul dé Èkó, ó sì ti Èkó dé Íńdíà; orí ọmọ tí ó wọ́ lẹ́yìn ìyá kan ní Gáḿbíà wà níṣojú àgbà ọjà gbogbo. Àwọn ọmọ Jos ti kú, àwọn ọmọ Gáḿbíà náà sì ti kú, kò sí ẹni tí ó lè jí wọn. Ṣùgbọ́n bí àwọn ilẹ̀ tí ó múlé gbe ara wọn bá lè kọ́wọ̀ọ́ rìn láti òní lọ, ó ṣeé ṣe kí abiyamọ kan wà ní ibìkan, tí yóò gbọ́ ìkìlọ̀ ní àkókò, tí yóò sì gbé ṣíbí náà sílẹ̀ kí ó tó kan ẹnu ọmọ.